Oṣù Méje tí Wọ́n Fi Pe Jẹjẹrẹ ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn, jẹ̀díjẹ̀dí ni dókítà pè é. Ó kọ oògùn fún wọn, wọ́n lò ó, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Wọ́n padà lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i, oògùn kan náà ni wọ́n gbé bọ̀. Kò sígbà kankan tí dókítà náà ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ kí òun yẹ̀ wọ́n wò. Oṣù méje kọjá kí dókítà mìíràn tó ní kí wọ́n lọ fi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá wọn. Jẹjẹrẹ ni.

Inú bí mi débi pé oorun dá lójú mi. Lójú tèmi, ẹjọ́ ti parí: àìsàn wà níbẹ̀, dókítà ò rí i, kó wá san owó ìtanràn. Agbẹjọ́rò tí mo lọ bá gbọ́ mi tán, ó wá bi mí ní ìbéèrè méjì.

Àkọ́kọ́: kí ló wà níwájú dókítà lọ́jọ́ náà? Dókítà tó mọṣẹ́ dunjú náà lè ṣi àìsàn mú, pàápàá èyí tí kì í tètè fara hàn. Ohun tí òfin ń wò ni bóyá dókítà mìíràn tó dáńtọ́ á ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá rí ohun kan náà. Láti ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní Ìlú Ọba lọ́dún 1957 ni wọ́n ti ń fi ìyẹn díwọ̀n níbẹ̀. Mo bá lọ gba ẹ̀dà fáìlì ẹ̀gbọ́n mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó dùn mí jù lọ. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì, èsì sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti dín kù gan-an. Kò sẹ́ni tó buwọ́ lù ú, kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tún ń tán lára rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wo ìfun rẹ̀!

Ìkejì: kí ni ìdádúró náà gbà lọ́wọ́ wọn? Èyí ò wá sí mi lọ́kàn rí. Lọ́dún 2005, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí dókítà sọ fún pé kókó abẹ́ apá rẹ̀ kò léwu. Oṣù 9 ni ìtọ́jú fi pẹ́. Ìrètí pé yóò yè bọ́ lọ sílẹ̀ láti 42 nínú ọgọ́rùn-ún sí 25. Síbẹ̀ ó pàdánù, adájọ́ mẹ́ta sí méjì, torí ìrètí náà kò tó ìdajì tẹ́lẹ̀ kí dókítà tó ṣì í. Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n sanwó fún irú ìrètí tó sọnù bẹ́ẹ̀, nítorí náà òfin ibi tí èèyàn wà ṣe pàtàkì.

Ní tiwa, dókítà tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ ìfun kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kó má tíì kúrò nínú ìfun nígbà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ìgbà tí wọ́n fi rí i, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa dúró lé: pé ìrètí wọn ṣì ju ìdajì lọ nígbà àyẹ̀wò yẹn, ìdádúró ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ìtọ́jú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá o, lọ́dọ̀ dókítà mìíràn, kẹ́ ẹ tó ronú kan kóòtù. Ẹ gba fáìlì kíá, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ, ohun tẹ́ ẹ sọ àti ohun tí wọ́n fèsì. Ẹ má fi falẹ̀, torí òfin ní gbèdéke: ọdún 3 ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tó ṣẹlẹ̀ tàbí ìgbà tẹ́ ẹ mọ̀.

Ẹjọ́ wa ṣì ń lọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni nílé wa báyìí, mo máa ń pe ilé ìwòsàn fúnra mi láti béèrè èsì, kódà bí wọ́n bá ní àwọn á pè wá.