Ìbọn ńlá tí mo gbé lọ sí Nàmíbíà

Oryx yẹn, ẹran ìgbẹ́ ńlá oníwo gígùn, fi ẹ̀gbẹ́ kọ mí, kò tó 150 mítà sí ibi tí mo dúró sí. Ì bá sàn kí n tàsé pátápátá. Ikùn ni ọta ti bà á, ó sì sá lọ. A tọ ipa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò rí i. Níbi tí mo ti ṣọdẹ, bí ẹ̀jẹ̀ ẹran bá ti kán sílẹ̀, ẹ ti jẹ gbèsè rẹ̀ nìyẹn. Mo san án.

Ìbọn tuntun tí mo torí ìrìn àjò náà rà ló fà á, .300 Winchester Magnum. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi .308, ìbọn tí agbára rẹ̀ kéré sí i, ṣọdẹ, àmọ́ wọ́n ní ẹran ibẹ̀ lágídí, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ìbọn náà ń gbá èjìká burúkú. Kò pẹ́ tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un: ojú mi á ti dì kí ìka mi tó fà á tán. Amọ̀nà wa ló fura. Ó gbé e fún mi láìsí ọta nínú rẹ̀, kò sì sọ fún mi. Mo fà á, kò dún, síbẹ̀ ẹnu ìbọn fò sókè. Ojú tì mí! Lọ́jọ́ kejì mo yá .308 àtijọ́ tirẹ̀, ọta kan ṣoṣo ni mo fi mú oryx mìíràn.

Òfin Nàmíbíà gan-an kò béèrè ìbọn ńlá. Agbára ọta lẹ́nu ìbọn ni wọ́n ń wò: ó kéré tán, joule (ìwọ̀n agbára) 1,350 fún springbok, ẹran kékeré bí ẹtu, 2,700 fún oryx àti kúdù, ẹran ńlá oníwo lílọ́, 5,400 fún ẹfọ̀n àti erin. .308 ń kọjá 3,500 dáadáa. Ti .243, ìbọn tó tún kéré sí i, ló takókó, torí ọta rẹ̀ tó wọn grain 100 (grain ni wọ́n fi ń wọn orí ọta) kì í sábà ju nǹkan bí 2,640 lọ. Ẹ lè fi pa springbok, ẹ ò gbọdọ̀ fi yin kúdù.

Orí ọta ni kí ẹ náwó sí. Èyí tó ń tètè fọ́ lè tú ká lára egungun èjìká kí ó tó wọnú. Ẹ wá èyí tí wọ́n lẹ òjé rẹ̀ mọ́ èèpo bàbà, tàbí tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ bàbà. Fún .308, grain 165 tàbí 180 dára.

Ẹ má sì yin ẹ̀yìn èjìká. Ọkàn àwọn ẹran yìí wà nísàlẹ̀ àyà, ó sún síwájú. Ẹ fi ojú tọ ẹsẹ̀ iwájú gòkè dé ìdá kan nínú mẹ́ta àyà, ibẹ̀ ni. Orí ìdúró lẹ ó ti yìn ín, pẹ̀lú ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé ìbọn lé, nítorí náà ẹ má jókòó sídìí tábìlì fi kọ́ ọ.

Ní ti ọkọ̀ òfúrufú, ọta tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan kì í ju kílò 5 lọ, nínú àpótí tirẹ̀. Ẹ béèrè òfin gbogbo ibi tí ẹ máa ti pààrọ̀ ọkọ̀. Bí àpótí ọta bá sọnù lọ́nà, ọta ìbọn .308 àti .30-06 kò nira láti rí rà níbẹ̀.

.300 mi ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Ẹni tó wá wò ó kẹ́yìn bi mí pé ṣé kì í gbá èjìká.