Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Tú Ègé Ìdánwò Yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ọwọ́ yín ti mọ abẹ́rẹ́, tí ẹ ti lè hun aṣọ parí láti inú bátànì ẹlòmíràn, tí ẹ wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àrà tiyín, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwòrán iṣẹ́ yín ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ lemọ́lemọ́, ìbéèrè kan náà ló sì ń bá a rìn: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣírò rẹ̀ dáadáa, kí ló dé tí kò fi bára mu?" Súwẹ́tà tí abíyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìgúnpá. Fìlà tó bo ojú. Ẹ̀wù króṣé tó le gbagidi lára. Kòtò tí àwa ti jìn sí ṣáájú yín ni ẹ tún ń jìn sí, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ì bá ti kìlọ̀ fún yín.

N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń hun ojú (ìyẹn lúùpù òwú kọ̀ọ̀kan tó so pọ̀ di aṣọ), bí wọ́n ṣe ń fi ojú kún un tàbí bí wọ́n ṣe ń dín in kù. Ẹ ti kọjá ibẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìdánwò ni iṣẹ́ ẹni tó ń dá àrà fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n orí odindi aṣọ ni púpọ̀ nínú yín ti ń ṣe ìdánwò náà. Orí ègé kékeré tí a fi òwú kan náà hun, èyí tí à ń pè ní ègé ìdánwò, ló yẹ kí ẹ ti ṣe é, níbi tí títú rẹ̀ kò ti ní dun ẹnikẹ́ni.

Èkíní, iye ojú tó wà nínú sẹ̀ntímítà 10 ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìṣirò. Bí ojú 22 bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kí àyà aṣọ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 100, ojú 220 lẹ máa hun. Bí ọwọ́ yín bá wá dẹ̀ díẹ̀, tó jẹ́ pé ojú 20 ló wà nínú sẹ̀ntímítà 10 yẹn, ojú 220 kan náà á di sẹ̀ntímítà 110. Ojú méjì péré ló yẹ̀, aṣọ ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ má ka etí ègé náà, torí etí máa ń ká, ó sì máa ń fà. Ẹ hun ègé tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 15 ó kéré tán, kí ẹ wá ka àárín rẹ̀. Bó bá jẹ́ híhun yípo lẹ fẹ́ hun aṣọ náà, ẹ hun ègé náà yípo pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni ọwọ́ wa kì í le bákan náà nígbà tí a bá ń hun ìlà iwájú àti nígbà tí a bá ń hun ìlà ẹ̀yìn.

Èkejì, ìwọ̀n ara yàtọ̀ sí ìwọ̀n aṣọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 96, bí ẹ bá hun súwẹ́tà 96 fún un, á lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ fi sẹ̀ntímítà 5 sí 10 kún un. Fìlà ní tirẹ̀, dídín ni: orí tó bá jẹ́ 56, ẹ hun fìlà 51 tàbí 52 kó lè di orí mú. Ẹni tí ìṣirò bá ń dẹ́rù bà, kó lo ọ̀nà Elizabeth Zimmermann, olùkọ́ iṣẹ́ híhun. Obìnrin yìí mú iye ojú tó yí àyà ká gẹ́gẹ́ bí ọgọ́rùn-ún, ó sì fi í ṣírò ìyókù: ọrùn ọwọ́ jẹ́ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, òkè apá jẹ́ ìdá 33, ọrùn aṣọ jẹ́ ìdá 40. Bí àyà bá jẹ́ ojú 200, ọrùn ọwọ́ á jẹ́ 40, òkè apá 66, ọrùn 80. Ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó wá tún un ṣe bí ara ẹni tó ni aṣọ bá ṣe rí.

Ẹ̀kẹta ni òwú. Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ojú mi gbolẹ̀.

Mò ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ lábẹ́ ọ̀gá kan nígbà náà. Oníbàárà kan wá, ó ń fẹ́ kádígàn gígùn tó máa bo ìdí. Kọ́tìn ló fẹ́, torí òwú irun àgùntàn máa ń yún un lára. Ọ̀gá ní kí n dá àrà rẹ̀ fúnra mi, àkọ́kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n máa fi lé mi lọ́wọ́. Mo hun ègé ìdánwò, mo ka àárín rẹ̀: ojú 20 ní ìbú, ìlà 28 ní gígùn, nínú sẹ̀ntímítà 10. Mo gbé omi kalẹ̀ láti fọ̀ ọ́, mo fẹ́ gbé e kọ́ kí n wo bó ṣe máa ṣe. Ọ̀gá gba ègé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fa etí rẹ̀, wọ́n tú u ráúráú lójú mi, wọ́n sì ká òwú rẹ̀ padà sára bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ kì í fi òwú oníbàárà ṣeré.

Mo bá fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi ṣírò. Àyà 96, mo fi 10 kún un, ó di 106, ìyẹn ojú 212. Gígùn 80, ìyẹn ìlà 224. Apá 45, ìlà 126. Jíjìn abíyá 20, ìlà 56. Láti ọrùn ni mo ti hun ún wá sísàlẹ̀ láìsí ibi tí mo rán pọ̀ rárá, èjìká rẹ̀ sì ń dán gbọọrọ, ó wu ojú. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: 80 géérégé. Apá, 45. Oníbàárà wọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó gbé e lọ.

Nígbà tó padà wá, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi hángà kọ́ ọ ní tútù, ó sì ti wọ̀ ọ́ jáde. Ó nawọ́ láti fi ibi tó bàjẹ́ hàn wá, a kò rí ìka rẹ̀, apá aṣọ ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn ti là, èjìká ti yọ́ bọ́ sórí apá. Etí ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ihò bọ́tìnnì tí mo ṣe ní róbótó ti di tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, bọ́tìnnì sì ń yọ kúrò nínú wọn fúnra rẹ̀ bí obìnrin náà ṣe ń mí. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ náà sì ti fún sí i ní ìbú, torí ohun tó bá lọ sí gígùn, inú ìbú ló ti ń wá.

Ọ̀gá kọjú sí oníbàárà, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ọmọ iṣẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ jù." Wọ́n dá owó rẹ̀ padà fún un, wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó tó tọ́ sí mi. Mo dákẹ́, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ kì í bá ọ̀gá jiyàn níwájú oníbàárà. Ó ṣì ń dùn mí di òní yìí, n kò sì ní purọ́ fún yín pé mo ti gbàgbé.

Ọwọ́ mi kò dẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ, mo gbé aṣọ náà kọ́, mo ka ìlà rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ lórí hángà: ìlà 25 nínú sẹ̀ntímítà 10, kì í ṣe 28 mọ́. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ẹ pín ìlà 224 sí 25, kí ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di sẹ̀ntímítà 89 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Ìlà 126 ti apá di 50. Ìlà 56 ti abíyá kọjá 22. Gbogbo ibi tí aṣọ náà ti gùn, nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn ló ṣàlàyé rẹ̀, kò sí ìlà kan tó lé, kò sí ìlà kan tó dín. Nọ́ńbà yẹn wà nínú ègé tí wọ́n tú. Ká ní mo fọ̀ ọ́ tí mo sì gbé e kọ́ fún òru kan ni, ì bá ti sọ ọ́ fún mi kí n tó hun ìlà kìíní.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Òwú irun àgùntàn máa ń ná, ó sì máa ń sún padà síbi tó wà. Kọ́tìn kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, bó bá ti ná, ó ti ná nìyẹn. Ó tún wúwo, ó sì máa ń mu omi púpọ̀, nítorí náà ìgbà tó bá tutù tí wọ́n gbé e kọ́ ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ máa ń fa èjìká wálẹ̀. Aṣọ tí wọ́n hun láti òkè wá sísàlẹ̀ láìrán, kò sí nǹkan kan ní èjìká rẹ̀ tó lè gbé ìwúwo yẹn dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ègé ìdánwò ń fi àkókò yín ṣòfò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Kò sí ẹni tó dàgbà kọjá rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n, òwú tó ti lò rí ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Òwú tuntun, abẹ́rẹ́ tuntun, kódà àwọ̀ mìíràn nínú òwú kan náà, lè hu ìwà tó yàtọ̀. Ohun tí aṣọ máa fojú rí ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ègé náà fojú rí. Bí ẹni tó ni ín bá máa fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ, ẹ fọ ègé nínú ẹ̀rọ. Òwú irun àgùntàn tí wọn kò tọ́jú fún ẹ̀rọ máa ń dì mọ́ra bí omi gbígbóná bá kàn án tí wọ́n sì ń pò ó, kò sì ní tú sílẹ̀ mọ́ láyé. Èyí tí wọ́n ti tọ́jú fún ẹ̀rọ, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀ nínú omi. Acrylic, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, omi kì í ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá tẹ̀ ẹ́, á rọ jọ̀bọ̀tọ̀, kò ní padà sípò.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ fi ìkọ́ tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn gbé e kọ́, kí ẹ tún fi ìkọ́ bíi mélòó kan há a nísàlẹ̀ kó lè wúwo, kó sì sun síbẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ kà á bó ṣe wà lórí okùn, ìbú àti gígùn, kí ẹ fi nọ́ńbà yẹn ṣírò. Kádígàn tí mo ń wí yìí, ìlà 200 ló yẹ kí n hun fún gígùn 80, kì í ṣe 224. Lórí tábìlì, 71 péré ló máa jẹ́, á sì dà bíi pé ó kúrú. Ẹ má jẹ́ kí ojú yín tàn yín níbẹ̀ débi tí ẹ máa fi ìlà kún un.

Ẹ gbé ègé náà sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú. Ká ní ègé 15 ní 15 wọn gíráàmù 12. Ìbú 106 ní gígùn 80 jẹ́ 8,480. Apá méjèèjì, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 45 ní 32, jẹ́ 2,880. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11,360, ẹ pín in sí 225, á fún yín ní nǹkan bí 50. Ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, gíráàmù 600 lé díẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti mọ òwú tí ẹ máa rà, kí ẹ lè ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú aró kan náà (ìyẹn òwú tí wọ́n pa láró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), ẹ sì tún ti mọ ẹrù tí èjìká aṣọ máa gbé. Bó bá ti wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó sì jẹ́ kọ́tìn, mo máa ń hun iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kí n dí ojú èjìká, kí n wá rán an pọ̀. Aṣọ tí ẹ ti hun tán láìrán, ẹ fi ìkọ́ króṣé fa ẹ̀wọ̀n tó le díẹ̀ gba inú ẹ̀yìn ọrùn, láti èjìká kan dé èkejì, á dì í mú.

Ẹ̀yin oníkróṣé, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ìyípo tó máa tẹ́ pẹrẹsẹ, bó bá jẹ́ ojú kúkúrú, ẹ fi 6 bẹ̀rẹ̀ kí ẹ máa fi 6 kún un ní ìyípo kọ̀ọ̀kan: 12, 18, 24. Ojú gígùn tí a ń pè ní dọ́bù, 12 ló máa ń bá rìn. Bí ẹ bá fi kún un díẹ̀ jù, á ká sókè bí abọ́. Bó bá pọ̀ jù, á máa ṣẹ́ wálawàla létí. Daina Taimina, onímọ̀ ìṣirò tó wà ní Yunifásítì Cornell nígbà náà, mọ̀ọ́mọ̀ fi àpọ̀jù ojú yìí ṣe iṣẹ́ ní 1997: ó fi ìkọ́ króṣé hun irú àwòṣe kan tó ń ṣẹ́ wálawàla, tí wọ́n ń pè ní hyperbolic plane, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń fi bébà ṣe tẹ́lẹ̀, tí bébà náà sì máa ń ya. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá ń ṣẹ́, tí ẹnì kan ní ọwọ́ yín kò dára, ẹ lọ ka ojú yín. Nọ́ńbà ló fà á.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ àti òwú pọ̀ kò ní mọ èwo ló tún un ṣe. Ẹ so páálí kékeré mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan: orúkọ òwú, nọ́ńbà aró, ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ní mìlímítà, iye ojú àti ìlà kí ẹ tó fọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́, àti nígbà tó wà lórí okùn. Gbogbo tèmi ló wà nípamọ́. Láti ìgbà tí mo ti dá dúró, kò sí aṣọ mi kan tó padà wá nítorí pé apá rẹ̀ bo ọwọ́.

Bí ẹ bá ṣì wà lábẹ́ ọ̀gá tó ń tú ègé, ẹ fi owó ara yín ra bọ́ọ̀lù kan nínú òwú náà, kí ẹ hun ún nílé, kí ẹ sì mú un dání lọ́jọ́ tí oníbàárà bá máa wá gba iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá sì di ọ̀gá, ẹ máa ra bọ́ọ̀lù kan lé iye tí ìṣirò bá sọ, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ yín má baà máa jí ìdánwò ṣe.