Kilpin kò bímọ

Ọjọ́ òní kò ní ìtàn púpọ̀: mo fọ aṣọ, mo fèsì sí àwọn lẹ́tà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, mo sì fi ìyókù àkókò mi ka ìtàn Herbert Kilpin. Àbúrò mi wọlé, ó yọjú wo ohun tí mo ń kà, ó sì bi mí pé ọmọ mélòó ni ọkùnrin náà bí. Mo ní n kò rí orúkọ ọmọ rẹ̀ kankan nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí kò bá bímọ, ó ti parẹ́ nìyẹn.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń sọ pé òjò ti dá, ó mú ohun tí ó wá mú, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni n kò ti lè ka ojú ìwé kan já.

Parẹ́ kẹ̀? Ẹni tí ó dá AC Milan, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ Ítálì, sílẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi kà á níbí mọ ohun tí aṣọ pupa àti dúdú náà jẹ́ fún mi, nítorí náà ẹ óò mọ̀ pé inú ló bí mi kí n tó ronú.

Ṣùgbọ́n bí mo ti wá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, n kò mọ̀ bóyá mo lè já a ní koro. Ọmọ alápatà ni Kilpin, Nottingham ni wọ́n bí i sí ní 1870, iṣẹ́ aṣọ ni ó sì gbé e dé Turin ní 1891 kí ó tó kọjá sí Milan, níbi tí òun àti àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn ọmọ Ítálì mélòó kan ti dá Milan Foot-Ball and Cricket Club, tí ó di AC Milan, sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1899. Òun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, ó jẹ́ balógun wọn, ó sì bá wọn gba ife-ẹ̀yẹ Ítálì ní 1901, 1906 àti 1907. Ní 1908 ni àjọ bọ́ọ̀lù Ítálì sọ pé àjèjì kò gbọdọ̀ kópa nínú ìdíje ńlá wọn mọ́. Ìjà lórí ọ̀rọ̀ àjèjì yìí wọ inú ẹgbẹ́, àwọn kan yapa lọ dá ẹgbẹ́ mìíràn, Internazionale, sílẹ̀ ní Milan, ọdún yẹn náà sì ni Kilpin kúrò. Ó kú ní oṣù Kẹwàá 1916, ẹni ọdún 46, nígbà tí ogun àgbáyé ti gba gbogbo ènìyàn lọ́kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ń gba ife-ẹ̀yẹ kiri ilẹ̀ Yúróòpù, kò sì sí ẹni tí ó lè júwe ojú oórì rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ohun tí àbúrò mi ń sọ gan-an nìyẹn?

Ó sì rọrùn kí sàárè sọnù níbẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Ní Ítálì, ilẹ̀ tí wọ́n sin ènìyàn sí nínú ọgbà òkú gbogboogbò kì í ṣe tirẹ̀ títí láé. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bí ẹnikẹ́ni kò bá jáde láti sanwó tàbí láti sọ pé ẹni òun ni, wọn a hú egungun rẹ̀, wọn a sì kó o sí ibi tí wọ́n ń kó egungun pọ̀ sí, kí ẹlòmíràn lè rí ilẹ̀ lò. Kilpin kì í ṣe ọmọ ìjọ Kátólíìkì bí àwọn tí ó yí i ká, àjèjì ni, kò sì sí ọmọ tí yóò jáde sọ pé “bàbá mi nìyí”. N kò fẹ́ kọ èyí, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́.

Olólùfẹ́ Milan kan ni ó rí i ní àwọn ọdún 1990. Kò bá a tan rárá. Ó kàn fẹ́ràn ìtàn ẹgbẹ́ náà ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, ó ń tọ orúkọ náà lọ títí ó fi bá a nínú Cimitero Maggiore, ọgbà òkú kan ní Milan, níbi tí kò sí ohun kan tí yóò sọ fún olùbẹ̀wò pé olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ńlá ló sùn síbẹ̀. Ní 1999, nígbà tí ẹgbẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n gbé e lọ sí Cimitero Monumentale, ọgbà òkú mìíràn ní Milan, ní 2010 sì ni orúkọ rẹ̀ wọ Famedio, gbọ̀ngàn àwọn olókìkí níbẹ̀, níbi tí òǹkọ̀wé Alessandro Manzoni wà. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo fẹ́ pe àbúrò mi padà kí n fi hàn án. N kò pè é. Ó máa bi mí pé ta ni ó ń lọ sí ojú oórì rẹ̀ ṣáájú 1999 ni.

Mo wá ronú kan James Spensley, dókítà Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá múlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Genoa. Ní Mainz ni ó kú sí ní 1915, nígbà tí ó wà ní ìgbèkùn àwọn ará Jámánì, sàárè rẹ̀ sì wà ní Niederzwehren, ní Kassel, láàrin sàárè àwọn ọmọ ogun. Ibi ìsìnkú bẹ́ẹ̀ ní ìwé: orúkọ, ìlà, nọ́ńbà, àti àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa gé koríko ibẹ̀, yálà òkú bímọ tàbí kò bí. Nítorí náà ìwé ni ó ń tọ́jú òkú, kì í ṣe ọmọ… Ṣùgbọ́n Kilpin náà ní ìwé. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àkọsílẹ̀ náà kò sì dìde béèrè ẹnikẹ́ni.

Joan Gamper tí ó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Barcelona sílẹ̀ bímọ ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń fara hàn níbi ayẹyẹ ẹgbẹ́, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ọgbà òkú Montjuïc ni wọ́n sin ín sí. N kò gbọdọ̀ máa jowú fún òkú nítorí òkú mìíràn, ẹ dákun.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò mi yìí kan náà ni ó ń pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ òun, tí ó sì ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá dá a lóhùn pé òun kò tíì bí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ìdílé Kilpin, ní Nottingham ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1881 ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó ka ilé kọ̀ọ̀kan láti orí bàbá dé orí ọmọ tí ó kéré jù lọ, a sì lè tọ orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀ dé orí àwọn tí wọ́n wà láàyè lónìí. Ṣé àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ ni?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹgbẹ́ náà gan-an ni ọmọ rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ tí àwọn alága máa ń sọ níbi ayẹyẹ nìyẹn, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ wo ni yóò gbàgbé ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sí fún ọgọ́rin ọdún?

Ìtàn kan sì wà tí wọ́n máa ń sọ, pé ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1905, wọ́n fi wáyà pè é wá gbá bọ́ọ̀lù ní Genoa, ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó lọ, ó sì padà wá bá a pẹ̀lú imú tí ó ti fọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Maria Capua ni orúkọ ìyàwó náà, òun ni ó di opó ní 1916. Ojú oórì ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wá, mo sì ti fi odindi ọjọ́ kan bá wọn wá a. Bí mo bá padà sídìí ìwé wọ̀nyí lọ́la, orúkọ Maria ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.