Ẹ tètè pariwo: ohun tí mo kọ́ nígbà tí kílọ́ọ̀bù wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ fẹ́ kógbá sílé

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pè mí pé báwo la ṣe ṣe é tí kílọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ò fi kógbá sílé, mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tori mo mọ̀ pé àwọn tó ń gbé bándì síta l'Ọ́yọ̀ọ́, ní Ìsẹ́yìn, ní Ṣakí pọ̀, tí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Kílọ́ọ̀bù wa ò jìnnà sí Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo ń jókòó sí géètì gba owó, èmi náà ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bándì gidi la ń lò, gìtá méjì, kíbọ́ọ̀dù, àgídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, gángan. Jùjú lọ́jọ́ Jímọ̀, àpàlà lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn àgbà tó dàgbà sórí orin Haruna Ishola. Tẹ́ ẹ bá dé'bẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀ ṣáájú 2020 ẹ ò ní rí àga, ẹ máa dúró ti ògiri ni. Bí onígángan bá ti fi ìlù sọ pé "Ògbómọ̀ṣọ́ ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan", màmá tó ń din ẹran lẹ́yìn gan-an á fi síbí sílẹ̀, á jó jáde wá. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, mi ò lè purọ́.

Kọ́fíù 2020 ló kọ́kọ́ gbá wa. Ìjọba ní kí oníkálukú wọlé lálẹ́, alẹ́ sì ni iṣẹ́ tiwa. Nígbà tí wọ́n fi máa ní ká ṣí padà, ara àwọn èèyàn ti mọ́ ilé. A tún ń gbìyànjú bọ̀, ọ̀rọ̀ owó tuntun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn èèyàn ń sá fún owó àtijọ́, tuntun ò sì sí ní báńkì, ẹni tó fẹ́ fún bándì lówó ò rí ẹgbẹ̀rún kan mú dání. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní March 3 pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí December ọdún yẹn, àmọ́ àwọn ọjọ́ Jímọ̀ tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Ká tó mí, May 29, wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́.

Ẹ jẹ́ n ṣírò ẹ̀ fún yín. Jẹnẹrétọ̀ ńlá wa ń mu lítà 25 lálẹ́ kan. Nígbà tí lítà kan wà ní 185 náírà, 4,625 ni. Ní July 2023 tó di 617, ó di 15,425. Nígbà tí 2024 fi máa parí tí lítà kan ti lé ní 1,000, epo tó ju 25,000 lọ ló ń jóná ká tó ta igò bíà kan.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé a dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí àwọn kọ́sítọ́mà bá fi gbọ́ pé nǹkan ò dáa, wọ́n á bá ibòmíì lọ, la bá ń rẹ́rìn-ín sí wọn, la ń ní "kò sí wàhálà". Bẹ́ẹ̀ wọ́n kúkú ń rí i, wọ́n rí i pé gílóòbù ń dín, wọ́n rí i pé kíbọ́ọ̀dù ò sí mọ́ tori a ti tà á, wọ́n kàn rò pé iṣẹ́ ọ̀hún ti sú wa ni. Ẹnìkan sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé a fẹ́ fi ibẹ̀ ta mọ́tò. Ẹni tó bá rò pé ọjà ti sú ẹ, kò ní bá ẹ ru ú.

A tún gé owó bándì láìbá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ohun tó jẹ́ 30,000 lálẹ́ kan di 18,000. Onígángan wa ò bá wa jà, ó kàn ti gángan ẹ̀ bọ àpò, ó ní "Àǹtí, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n", kò sì padà wá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan gbà á, wọ́n ń san owó fún un lóṣooṣù, ó lọ́mọ níléèwé, kí ni mo fẹ́ sọ? A gbé DJ wá fún oṣù mẹ́rin. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn DJ ti níbi tí wọ́n ń lọ ní àdúgbò Under G, wọn ò wá, àwọn àgbà tó ń wá tẹ́lẹ̀ náà ò wá mọ́, a pàdánù méjèèjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ṣó ńlá kan láti fi san gbèsè. A yá 450,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, a pe olórin láti Ìbàdàn, a tẹ pósítà, òjò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò dá títí mọ́kànlá. 160,000 ni mo kà ní géètì. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà lọ́yà onílé dé pé ká kó jáde.

Tí lẹ́tà báyìí bá dé bá yín, ẹ má kó ẹrù lóru. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i àyàfi tí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan míì, lẹ́yìn náà ni nótíìsì ọjọ́ méje tó ń sọ pé onílé ń lọ kóòtù, kò sì sẹ́ni tó láṣẹ láti kàn wá já ilẹ̀kùn yín. Ẹ gbé ìwé yín lọ bá lọ́yà kó wò ó. Àwa ò mọ̀, a ti ń di gìtá.

Èmi ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ pé tó bá jẹ́ pé a máa kú náà, ká kú lójú àwọn èèyàn wa. Ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó gbà, mo ya páálí ìndómì kan, mo fi máákà kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀: epo, bándì, owó ilé, iná, gbèsè alájẹṣẹ́kù, iye tó ń wọlé. Mo gbé e ti sípíkà ní ọjọ́ Sátidé kan tí èèyàn ò ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bàbá kan tó ti jẹ́ tíṣà rí dìde, ó wọ jígí, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka tẹ orí 25,000 yẹn, ó ní "Epo nìkan? Lálẹ́ kan? Kí ló dé tẹ́ ò sọ láti ọjọ́ yìí?" Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé ọtí ẹ la wá ń mu níbí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè tí àwa ò bi ara wa rí. Ẹnìkan ní kí la ń fi fírísà mẹ́ta ṣe lórí jẹ́ẹ̀nì, ká ra áísìblọ́ọ̀kù sínú kúlà. Ẹlòmíì ní lóòótọ́ òun fẹ́ máa wá, ṣùgbọ́n òun ò lè gun ọ̀kadà láago kan òru mọ́. Bí a ṣe gbé àpàlà kúrò ní alẹ́ Sátidé nìyẹn, ó di Sunday, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án. Jẹ́ẹ̀nì kékeré ló ń gbé sípíkà àti gílóòbù báyìí, lítà mẹ́jọ ti tó o. Ogójì èèyàn ló ń dá 2,000 lóṣù, orúkọ èèyàn mẹ́ta ló wà lórí àkáǹtì náà, ẹ̀gbọ́n mi ò sí nínú wọn, òun fúnra ẹ̀ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Páálí tuntun ni mo ń kọ lóṣooṣù. Tí mo bá pẹ́ kí n tó gbé e síta, wọ́n á béèrè.

Ti bándì ló ṣe pàtàkì jù. A pín in: owó géètì jẹ́ ti bándì pátápátá, owó ọtí jẹ́ ti ilé. Látìgbà yẹn àwọn olórin fúnra wọn ló ń pe èèyàn wá. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ná fún wọn lórí ìjó ńkọ́? Òfin CBN ti 2007 lòdì sí fífọ́n owó náírà síta lójú agbo, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000, tàbí méjèèjì, nígbà tí EFCC wá ń mú èèyàn lórí ẹ̀ ní 2024 ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń ná lójú agbo yẹn ló ń bọ́ àwọn olórin jùjú láti ọjọ́ pípẹ́. A fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà àkáǹtì bándì gàdàgbà sára ògiri. Tí alert bá wọlé, màá gbé fóònù sókè, màá sọ oríkì ẹni náà sí ẹni tó bá ń lu gángan lọ́jọ́ náà létí, kí n tó jókòó padà gángan ti ń kì í. Mo ń bi kálukú ní oríkì nígbà tó bá ń wọlé ni, ó wà nínú ìwé mi báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì: Àlàó, Àjọkẹ́, Àkànní, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ ò lè mọ bí inú àwọn èèyàn ṣe ń dùn tó. Màmá kan sọ pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tó pe òun ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́.

Bàbá tíṣà àti àgbà méjì míì ló bá wa lọ sọ́dọ̀ onílé, wọ́n gbé páálí dání. Ó gbà ká máa san gbèsè owó ilé díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Ó ku 140,000. Òrùlé ẹ̀yìn ṣì ń jò, a ò tíì ra kíbọ́ọ̀dù míì.

Aago márùn-ún ọjọ́ Sunday yẹn ṣe nǹkan kan tí a ò lérò, ṣọ́ọ̀ṣì ti parí nígbà yẹn. Ní oṣù kejì tí a yí i padà, mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní géètì, mo gbójú sókè, onígángan wa ló dúró síwájú mi, ó ṣì wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, gángan wà lábẹ́ apá ẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ní ẹ ń kọ oríkì sínú ìwé. Ẹ kọ tèmi náà sí i."