Ìrẹ̀ Aago Méjì Òru

Táǹkì omi ilé wa kì í sọ fún ẹnikẹ́ni bó bá kún. Bí iná bá dé lóru, ẹ̀rọ á máa fa omi, omi á máa dà sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, màámi á sì fi èébú jí mi.

Ni mo bá ra ESP32, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Mo so bọ́sà kékeré mọ́ ọn kó máa ké bí omi bá kún, kó sì fi Wi-Fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Mo ní kó dún “kín-ín!” lẹ́ẹ̀kan bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, kí n lè mọ̀ pé ara rẹ̀ le. (Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á.)

Torí iná tí kì í pẹ́ lọ, mo yọ bátìrì 18650 kan lára tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, mo cháàjì rẹ̀ dé fólítì 4.2, mo so ó mọ́ ibi tí wọ́n kọ 5V sí. Ó ṣiṣẹ́! Mo yà á ní fọ́tò, mo gbé e sórí WhatsApp, mo lọ sùn.

Aago méjì òru: kín-ín! Ó dákẹ́. Kín-ín!

“Àjàní, o ò gbọ́ ìrẹ̀ yẹn ni?”

Màámi ti mú ìgbálẹ̀. Ó gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn àpò gàrí. Bàbá ilé kejì ń pariwo lójú wíńdò pé, “Ẹ wo ẹ̀yìn firíìjì!” Láti ìgbà tó ti ké lẹ́ẹ̀kẹta ni mo ti mọ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ ọ́?

Nǹkan kékeré tó ń sọ iná di fólítì 3.3 tí bọ́ọ̀dù yẹn ń lò dà bí oníbodè: ó máa ń gba nǹkan bíi fólítì kan kó tó jẹ́ kí ìyókù kọjá. Nígbà tí bátìrì yó, kò hàn. Nígbà tó wálẹ̀ sí 3.7, ìyókù kò tó mọ́: gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀dù bá ti ní kóun wá Wi-Fi, iṣẹ́ tó ń jẹ iná jù, á dákú. Á jí, á ké kín-ín, á tún wá Wi-Fi, á tún dákú.

Nígbẹ̀yìn, màámi ṣí ike áìsìkírìmù tí mo fi dé e mọ́lẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó wò ó, ó wò mí.

“Àjàní, ìrẹ̀ yìí ní wáyà.”

Kín-ín!