Ohun tí ife omi kan kọ́ mi nínú iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbà

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo kà sí ìtọ́jú tó péye ni pé kí gbogbo wọn ti wẹ̀, kí wọ́n ti wọṣọ, kí wọ́n sì ti jókòó sídìí oúnjẹ kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ife omi kan ló là mí lójú.

Mo gbé e sórí tábìlì màmá àgbàlagbà kan láàárọ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti mu omi. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, ife náà ṣì kún dẹ́nu. Apá ọ̀tún màmá, tí rọpárọsẹ̀ ti mú, ni mo gbé e sí. Ohun tí mo ní lọ́kàn láti ṣe ni mo kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí mo rí, ó sì dùn mí gidigidi. Bí ènìyàn bá ti ń dàgbà, òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́ bíi ti àtijọ́ mọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ àgbà kì í béèrè omi nígbà tí ara wọn ń fẹ́ ẹ. Bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara lánàá bá ṣàdédé ń ṣìsọ lónìí, ẹ má ṣe sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, nítorí àìtó omi lára tàbí àrùn lè wà nídìí rẹ̀.

Bàbá kan tún wà tí a máa ń kọ nípa wọn lójoojúmọ́ pé wọ́n kọ̀ láti wẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bi ọmọ wọn léèrè, ló bá sọ fún wa pé iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá ṣe títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń wẹ̀ kí wọ́n tó jáde. A sún ìwẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ìjà sì parí.

Ní ọdún 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, tẹ ìwádìí kan jáde láti ilé ìtọ́jú kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó wà ní àjà kan mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni ìpinnu ìgbé ayé wọn wà, kí wọ́n sì máa tọ́jú òdòdó inú ìkòkò fúnra wọn. Ní àjà kejì, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn tọ́jú tiwọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ara àwọn ti àkọ́kọ́ yá gágá ju ti ìkejì lọ. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà wa aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gba àkókò.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ẹ gbọ́dọ̀ máa yí i ní wákàtí tí nọ́ọ̀sì là sílẹ̀, kí ẹ sì máa wo ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá ara ibẹ̀ ti ń yí àwọ̀ padà, nítorí ibẹ̀ ni egbò ìdùbúlẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Títí di òní, kí n tó jáde nínú yàrá ẹnikẹ́ni, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, màá wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣeé lò, màá sì wò ó bóyá ó lè tó omi, aago ìpè àti awò ojú rẹ̀.