Orúkọ àwọn obìnrin ló mú wa dé Rogart

Ní agbègbè Pictou ní Nova Scotia, bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni tí ìran rẹ̀ ti Skọ́tlándì wá pé báwo ni wọ́n ṣe dé Kánádà, ọkọ̀ Hector ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Ọkọ̀ náà gbéra ní Loch Broom lápá àríwá Skọ́tlándì ní oṣù keje ọdún 1773, ó sì gúnlẹ̀ sí Pictou ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án. Àwọn èrò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba. Ìgbóná àti ìgbẹ́ ọ̀rìn bá wọn lójú omi, àwọn ọmọdé ló sì pa jù. Ilẹ̀ oko ni wọ́n ṣèlérí fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, àmọ́ igbó kìjikìji ló pàdé wọn létí omi. Òtútù ń bọ̀, oúnjẹ kò sí, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Truro láti lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú, kí ebi má baà pa wọ́n kú.

Ìtàn tó tóbi ni. Kò yà mí lẹ́nu pé gbogbo ìdílé ló fẹ́ kí bàbá ńlá àwọn wà nínú ọkọ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń sọ nílé ọkọ mi. Bàbá ọkọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu tirẹ̀. Orúkọ àwọn èrò Hector tó wà lọ́wọ́ wa lónìí, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n gúnlẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà bí orúkọ bàbá ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn tó kọ ọ́ ló gbàgbé.

Ọmọ Yorùbá ni mí, ilé ọkọ ló mú mi dé ibí. Àwọn ọmọ mi ni mo ń ṣe gbogbo wàhálà yìí fún. Mo lè ki wọ́n lápá ọ̀dọ̀ tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ ilé bàbá wọn ni wọ́n, ó sì ń dùn mí pé kò sí ẹni tó lè sọ ìran ilé bàbá wọn kọjá ìran mẹ́rin. Ohun tó wá dùn mí jù ni pé àwọn àgbà Skọ́tlándì tó ń sọ èdè Gaelic máa ń ka ìran tiwọn lórí láìwo ìwé: lágbájá ọmọ lágbájá, ọmọ tàmẹ̀dù, títí dé ìran keje. Èdè Gaelic kúrò lẹ́nu ìdílé ọkọ mi, ìran tí wọ́n ń kà náà sì bá a lọ.

Sàréè ẹni àkọ́kọ́ tó dé Nova Scotia nínú wọn wà ní Earltown, lórí òkè, ó jìnnà díẹ̀ sí etíkun. Láti nǹkan bí ọdún 1813 ni àwọn ará Sutherland, agbègbè kan lápá àríwá Skọ́tlándì, ti ń tẹ ibẹ̀ dó. A dúpẹ́ pé àwọn èèyàn yẹn fẹ́ràn láti kọ ibi tí wọ́n ti wá sára òkúta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ bíbí Rogart ní Sutherland ni, pé ó kú lọ́dún 1851, lẹ́ni ọdún 66. Ìṣirò ibẹ̀ kò le: nǹkan bí ọdún 1785 ni wọ́n bí i. Nígbà tí Hector gúnlẹ̀, ó ku ọdún 12 kí ó tó wáyé.

Bàbá ọkọ mi wo òkúta náà títí. Ó wá ní, "Ọkọ̀ wo ló wá gbé e wá?"

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, òun náà ló sì máa ń jẹ wọ́n lákòókò jù. Orúkọ àwọn èrò tí wọ́n tò jọ ní Kánádà kò wà létòlétò kó tó di ọdún 1865. Àwọn tó ń kúrò ní Bìrìtìkó, láti ọdún 1890 ni àkọsílẹ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, oríire ni kí èèyàn rí orúkọ rẹ̀ níbì kankan. Mo bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, mo ń béèrè ohun mìíràn: ta ló kù sílé?

Orúkọ ọkùnrin náà nìkan kò lè ràn wá lọ́wọ́. MacKay ni wọ́n. Ní Sutherland, àti ní Earltown náà, MacKay, Sutherland, Murray àti Ross pọ̀ bí ewé, bẹ́ẹ̀ Donald, William àti Hugh ni wọ́n ń sọ àwọn ọmọkùnrin ní ilé kan dé èkejì. Ìyàwó rẹ̀ ló là wá lójú. Àwọn obìnrin Skọ́tlándì kì í fi orúkọ bàbá wọn sílẹ̀ nínú ìwé ìjọ tàbí lára òkúta bí wọ́n tilẹ̀ wà nílé ọkọ, Murray sì ni wọ́n kọ sára òkúta tirẹ̀, lábẹ́ ti ọkọ rẹ̀. MacKay kan pẹ̀lú Murray kan, ní Rogart, kí ọdún 1820 tó pé: ìyẹn ṣeé wá.

Orí ScotlandsPeople, ibùdó ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba Skọ́tlándì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo ti rí ìsàmì àwọn ọmọ wọn méjì àkọ́kọ́ nínú ìwé ìjọ Rogart, tòun ti orúkọ ìyá lódindi. Ìsàmì bàbá wọn ni mi ò rí. Láti 1783 sí 1794, ìjọba ń gba owó orí pẹ́ńsì mẹ́ta lórí ìsàmì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ sínú ìwé. Fún tálákà tó bímọ lọ́dún 1785, owó gidi nìyẹn, ọ̀pọ̀ wọn sì ṣe ìsàmì ọmọ wọn láìjẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Nova Scotia náà, 1864 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, wọ́n dáwọ́ dúró ní 1877, wọn kò sì tún bẹ̀rẹ̀ títí di 1908. Ẹni tó kú ní 1851 kò lè sí níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló tú u. Bíbélì Gaelic kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè kà mọ́, lẹ́tà kan sì wà láàárín ewé rẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ta ló kọ èyí?" Ó ní òun kò mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe bá a. Àbúrò obìnrin ọkùnrin MacKay tó wà lábẹ́ òkúta yẹn, tó kù sí Rogart, ló ní kí ẹnì kan bá òun kọ ọ́. Ó kí wọn, ó dárúkọ ọkọ rẹ̀, ó sọ ti òjò àti ti ọ̀dùnkún tó bàjẹ́, ó sì béèrè bóyá àwọn ọmọ ṣì ń gbọ́ Gaelic.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1855 ni ìjọba Skọ́tlándì bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ikú tiwọn, orúkọ bàbá olóògbé àti ti ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń kọ, àti ilé tí ìyá náà ti wá. Ọdún 1859 ni obìnrin tó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà yẹn kú. Bí mo ṣe rí orúkọ òbí rẹ̀ méjèèjì báyìí, mo pariwo. Ní ìṣe wọn, orúkọ bàbá bàbá ni wọ́n ń sọ àkọ́bí ọkùnrin, orúkọ ìyá bàbá ni wọ́n ń sọ obìnrin kejì. Mo gbé orúkọ àwọn ọmọ Earltown sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òbí yìí, wọ́n bára mu pátápátá.

Ìdí tí wọ́n fi kúrò, ẹni tó bá ka ìtàn Sutherland kò ní ṣòro fún un láti lóye. Ìdílé ìjòyè Sutherland ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, àgùntàn sì ń mówó wá ju ìṣákọ́lẹ̀ àwọn àgbẹ̀ lọ. Wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò ní àfonífojì lọ sétíkun. Ní Strathnaver, àfonífojì kan ní Sutherland, lọ́dún 1814, iná jó ilé àwọn èèyàn nígbà tí Patrick Sellar, aṣojú onílẹ̀, ń lé wọn. Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní Inverness ní 1816, wọ́n sì dá a láre. Inú mi ṣì ń ru bí mo bá rántí rẹ̀. Mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ilẹ̀ tí bàbá wọn ńlá wá dá oko sí ní Nova Scotia, àwọn Mi'kmaq, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló ni ín, wọn kò sì tà á fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé ìjọ ni mò ń wá nígbà tí mo pàdé James MacGregor, àlùfáà tó dé Pictou ní 1786 tó ń wàásù ní Gaelic láti abúlé dé abúlé. Ní 1788 ó tẹ lẹ́tà kan jáde láti bá àlùfáà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí, ẹni tó ní ẹrú nílé. Ó tún ń yọ nínú owó kékeré tí ìjọ ń san fún un láti ra àwọn aláwọ̀ dúdú sómìnira. Èmi tí mo jẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú ìdílé yìí, inú mi dùn dénú pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn nígbà náà.

Ohun tó kù báyìí wà ní Edinburgh. Ibi ìkówèésí àpapọ̀ Skọ́tlándì ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ Sutherland, tí orúkọ àwọn tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Mo fẹ́ mọ ọdún tí orúkọ bàbá olóògbé 1859 yẹn kúrò nínú ìwé, àti orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sí ipò rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ní òun ń bọ̀ pẹ̀lú mi, ṣùgbọ́n Rogart lòun fẹ́ kọ́kọ́ dé.